Odidi tàbí ẹlẹ́yọ, gbangba tàbí kọ̀rọ̀: èwo ni kí ẹ fi kọ́ iṣẹ́ sọ́fútíwià?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan ní Kétu fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti mọ èdè kóòdù Python díẹ̀, mo sì ti lè kọ API kékeré, ẹnu ọ̀nà tí ètò mìíràn fi ń bá tèmi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ kí iṣẹ́ yìí wọ̀ mí lára, kí n máa kọ microservice ní gbangba, kí gbogbo èèyàn máa rí i. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ́tí sí i kí n tó dáhùn, torí pé ìbéèrè méjì ló wé mọ́ ara wọn níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni bí ètò náà yóò ṣe rí: ṣé odidi kan ni, àbí ẹyọ kéékèèké tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní microservice? Ìkejì ni ibi tí yóò ti máa kọ ọ́: ṣé nínú yàrá rẹ̀ ni, àbí níbi tí ojú ayé ti lè tó o? Ẹni tó bá fi ìdáhùn kan pa ìbéèrè méjèèjì yóò ṣìnà. Mo mọ̀, torí ibẹ̀ lèmi náà ti ṣìnà fún oṣù mẹ́rin gbáko.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n n kò ní fi èrò mi pamọ́ fún yín. Ẹ yan gbangba láti ọjọ́ kìíní. Ẹ yan odidi ṣáájú ẹyọ. Ẹ má gé odidi yẹn àfi ìgbà tí ẹ bá lè fi ìka tọ́ka sí ibi tó ti ń dùn yín.

Ohun tí a ń fi wéra

Ẹ fojú inú wo agboolé kan níhìn-ín ní Àjàṣẹ́. Bàbá ń gbé yàrá iwájú, ìyàwó wà ní ilé ìdáná, àwọn ọmọ wà lẹ́yìnkùlé. Tí ìyá bá fẹ́ iyọ̀, ó kàn pe ọmọ ni, ọmọ á sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ètò odidi nìyẹn: gbogbo kóòdù ń gbé inú ètò kan, àká dátà kan ló wà, àṣẹ kan lẹ sì fi ń tan gbogbo rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ pé ìdílé yẹn fọ́n ká. Ọ̀kan wà ní Àjàṣẹ́, ọ̀kan wà ní Kétu, ọ̀kan ti lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́. Kálukú ní ilé tirẹ̀ àti àpótí owó tirẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á ránṣẹ́. Ìránṣẹ́ lè pẹ́ lọ́nà. Ó lè sọnù. Wọ́n lè rò pé ó sọnù, kí wọ́n rán òmíràn, kí méjèèjì sì dé. Microservice nìyẹn: iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ètò tó dá dúró, ó ní àká dátà tirẹ̀, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n sì ti ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ìdílé tó fọ́n ká kò burú. Ẹni tó wà ní Kétu lè tún ilé rẹ̀ kọ́ láìbi ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ léèrè. Tí iná bá jó ilé Ṣábẹ̀ẹ́, ilé Kétu ṣì dúró. Àǹfààní gidi nìyẹn, òun ló sì mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá gbé e. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, àká dátà Netflix bàjẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi rí DVD fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà wọn. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń kó lọ sórí sáfà Amazon (sáfà ni kọ̀ǹpútà tó máa ń wà ní títàn, tí ń dá àwọn mìíràn lóhùn), tí wọ́n ń fọ́ odidi wọn sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyọ. Oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Orúkọ náà, microservice, gbilẹ̀ nígbà tí James Lewis àti Martin Fowler kọ àlàyé gígùn lé e lórí ní oṣù kẹta ọdún 2014. Fowler kan náà tún padà wá sọ ní 2015 pé, nínú àwọn tó yọrí sí rere lójú òun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ láti inú odidi tó ti tóbi jù, tí wọ́n wá gé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó dàgbà ju gbogbo ìyẹn lọ. Ní 1968, Melvin Conway kọ ọ́ pé bí àwọn èèyàn inú iṣẹ́ kan bá ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni ètò tí wọ́n bá kọ yóò ṣe rí. Ẹgbẹ́ mẹ́rin yóò kọ ètò alápá mẹ́rin. Ẹni kan ṣoṣo tó jókòó ti kọ̀ǹpútà kan ní Kétu kò ní ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ta ni yóò wá bá ta sọ̀rọ̀?

Bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rèé, fún ẹni tó ń dá kọ́ṣẹ́:

| Ohun tí a ń wò | Odidi | Ẹyọ márùn-ún |
|---|---|---|
| Ohun tí ẹ ó tàn | Ètò 1, àká dátà 1 | Ètò 5, àká dátà 5, àti ohun tó ń gbé ìròyìn láàárín wọn |
| Kọ̀ǹpútà | 4 GB RAM máa gbé e | 8 GB RAM, yóò sì tún máa mí gúlegúle |
| Tí àṣìṣe bá wà | Ẹ ó rí ìlà tó ti ṣẹlẹ̀ | Ẹ ó tú àkọsílẹ̀ márùn-ún wò kí ẹ tó mọ ẹni tó jẹ̀bi |
| Tí owó bá ń ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn | Àká dátà fúnra rẹ̀ ló ń rí i pé ó parí tàbí kò ṣẹlẹ̀ rárá | Ẹ̀yin lẹ ó kọ bí wọn yóò ṣe dá a padà |
| Ohun tó kọ́ yín jù | Kí kóòdù mọ́, kí ẹ mọ dátà yín | Bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́ lọ́nà jíjìn |

Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú tábìlì yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹ̀kọ́ méjèèjì ló dára. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni mò ń bá yín sọ.

Ìṣirò kékeré kan

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 99 nínú 100. Ó dára, àbí? Oṣù ọlọ́jọ́ 30 ní wákàtí 720, nítorí náà odidi kan tó rí bẹ́ẹ̀ yóò dákẹ́ fún bíi wákàtí 7 lóṣù. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ kan bá gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ẹyọ márùn-ún kọjá kó tó parí, ẹ ó sọ 0.99 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ (0.99 × 0.99 × 0.99 × 0.99 × 0.99), ẹ ó sì rí bíi 0.951. Dídákẹ́ yẹn ti di wákàtí 35 lóṣù. Ẹ kò fi àṣìṣe kankan kún kóòdù yín. Ẹ kàn gé e ni.

Ìyára náà ńkọ́? Kí apá kan inú ètò pe apá kejì nínú ètò kan náà kì í gbà ju ìdá bílíọ̀nù mélòó kan lára ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Kí ètò kan pe ètò mìíràn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bọ́ sí ìdá ẹgbẹ̀rún. Kí fóònù kan ní Àjàṣẹ́ pe sáfà ní Yúróòpù, ìyẹn lè tó 100 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún yẹn, ní ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá tiẹ̀ dára.

Owó àjọ Tàǹtí mi

Tàǹtí mi ń gba àjọ ní ọjà Ouando. Ẹ mọ káàdì alájọ: àpótí kéékèèké 31 ló wà lára rẹ̀, ọjọ́ kan fún àpótí kan. Tí oníbàárà bá ń dá 500 fráǹkì lójúmọ́, 15,500 ni yóò pé lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, alájọ á mú 500 fún iṣẹ́ rẹ̀, á kó 15,000 fún oníǹkan. Mo ní kí n ṣe é sórí fóònù fún un, kí n sì fi kọ́ iṣẹ́. Gbogbo kóòdù rẹ̀ ni mo ń kọ ní gbangba sí GitHub, ibi tí àwọn olùkọ-kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹyọ márùn-ún ni mo kọ. Ọ̀kan fún ìwọlé, ọ̀kan fún orúkọ oníbàárà, ọ̀kan fún owó, ọ̀kan fún fífi SMS ránṣẹ́, ọ̀kan fún ìròyìn òpin oṣù. Inú mi dùn sí i gan-an. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ọfà so wọ́n pọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú, Tàǹtí gba 500 lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta tòmátì, ó tẹ fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège. Ohun tó ṣẹlẹ̀, tí n kò mọ̀ nígbà yẹn, rèé: ẹyọ owó ti kọ 500 yẹn sílẹ̀, ó sì ti dáhùn pé "mo ti gbà á." Ìdáhùn yẹn ló sọnù lójú ọ̀nà. Fóònù dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kò gbọ́ nǹkan kan, ó tún owó náà rán. Ẹyọ owó rí ìránṣẹ́ tuntun, ó kọ 500 mìíràn sílẹ̀. Àpótí méjì ló kún fún owó ẹ̀ẹ̀kan.

Lálẹ́, Tàǹtí da owó inú àpò rẹ̀ sórí ẹní, ó kà á. Ó wo fóònù. Ó tún kà á. Ó ní, "Ọmọ mi, káàdì mi kò purọ́ fún mi rí. Ta ló fún fóònù yìí ní owó tí ẹnikẹ́ni kò fún mi?" Ó fi 500 tirẹ̀ dí i. Títí di òní ni mo ń rántí ohùn tó fi sọ ọ́.

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi tú àkọsílẹ̀ àwọn ètò náà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà kan tó so ìránṣẹ́ kan pọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìparí, nítorí náà n kò lè mọ èwo nínú ìlà ẹyọ ìwọlé ló bá èwo mu nínú ẹyọ owó. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí kọ ìlà kan sábẹ́ kóòdù mi ní èdè Faransé. Ó béèrè pé: tí ìdáhùn bá sọnù lọ́nà, kí ni fóònù máa ṣe? Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ka ìbéèrè náà, ara mi tutù. Ìdáhùn wà níwájú mi.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà ju ìlà mélòó kan. Fóònù yóò fún owó kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ kó tó rán an. Tó bá tún un rán, àmì kan náà ni yóò lò. Àká dátà, PostgreSQL ni tèmi, kò sì ní gba àmì kan lẹ́ẹ̀mejì:

```
ALTER TABLE owo ADD CONSTRAINT ami_kan UNIQUE (ami);

INSERT INTO owo (ami, onibara, iye)
VALUES ('7f3c-21', 48, 500)
ON CONFLICT (ami) DO NOTHING;
```

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ yìí fún yín: odidi nìkan kò lè gbà yín lọ́wọ́ àṣìṣe yìí. Fóònù àti sáfà ṣì jìnnà síra wọn, ìdáhùn ṣì lè sọnù. Ṣùgbọ́n nínú odidi, ibi kan ṣoṣo ni ìránṣẹ́ ti lè sọnù. Nínú tèmi, ibi mẹ́rin ni, mo sì ní láti tún ìrònú yìí rò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pàdé ìṣòro yìí níbi kan yóò kọ́ ọ dáadáa. Èyí tó bá pàdé rẹ̀ níbi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà yóò sá.

Orúkọ wa pẹ̀lú àmì rẹ̀

Èyí kan àwa tí à ń kọ Yorùbá gan-an, n kò sì rí i kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi ṣáájú. Ẹ wo lẹ́tà tó parí orúkọ bíi Adébáyọ̀. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un. Fóònù kan lè kọ ọ (U+1ECD), kó wá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ (U+0300) lé e. Fóònù mìíràn lè kọ o lásán, kó fi àmì abẹ́ (U+0323) sí i, kó tó fi ti òkè lé e. Ẹ̀kẹta lè mú ò (U+00F2), kó fi àmì abẹ́ sí i. Ojú èèyàn rí orúkọ kan. Kọ̀ǹpútà rí mẹ́ta.

Ẹyọ oníbàárà mi máa ń sọ gbogbo orúkọ di ọ̀nà kan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kó tó tọ́jú wọn. Ẹyọ ìròyìn kò ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ti gbàgbé pé orúkọ ló fi ń wá èèyàn dípò nọ́ńbà. Ní òpin oṣù, obìnrin kan di méjì: ọ̀kan ní 9,000, ìkejì ní 6,000. Ká ní odidi ni, ibi kan ni orúkọ ì bá ti máa wọlé, ìlà kan ni ì bá sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ ètò fún àwọn èèyàn wa ní Àjàṣẹ́, Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí òdìkejì bodè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ìlà yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Òpin ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kó ẹyọ mẹ́rin padà sínú odidi kan. SMS nìkan ni mo fi síta. Ìdí rẹ̀ ni pé fífi SMS ránṣẹ́ máa ń pẹ́, ó máa ń kùnà, kò sì yẹ kí owó tí Tàǹtí ti gbà dúró dè é. Ìdí gidi nìyẹn láti gé nǹkan. Àwọn tó ju mí lọ náà ti padà sílé bẹ́ẹ̀. Ní 2018, Segment sọ bí wọ́n ṣe kó ẹyọ tó lé ní 140 padà sínú ọ̀kan. Ní 2023, ẹgbẹ́ kan nínú Prime Video ti Amazon, tó ń ṣọ́ bí fídíò ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran, kó tiwọn papọ̀, owó tí wọ́n ń ná lórí sáfà sì fi ju ìdá 90 nínú 100 lọ dínkù. Netflix kò padà, ohun tó bá wọn mu ni.

Gbangba ńkọ́?

Ẹ ti rí i: nínú ìtàn tí mo sọ, ẹyọ ló kó mi sí wàhálà, gbangba ló yọ mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ wo ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ ní òpópónà wa. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ló ń jókòó sí, ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí títì. Ọ̀gá rẹ̀ ń rí ojú ìrán nígbà tí aṣọ ṣì wà lórí ẹ̀rọ, kó tó di pé ó ti bà á jẹ́. Oníbàárà tó ń kọjá pẹ̀lú ń rí ọwọ́ rẹ̀, tí ọjọ́ òmìnira iṣẹ́ rẹ̀ bá fi máa pé, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Kíkọ kóòdù ní gbangba kò yàtọ̀. Git, tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní 2005, ń tọ́jú gbogbo ìgbésẹ̀ yín, ọjọ́ wọn àti ìdí wọn. GitHub, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ń jẹ́ kí ẹlòmíràn rí wọn kó sì béèrè. Ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ lè wo bí ẹ ṣe ronú ní oṣù kẹta, àti bí ẹ ṣe yí èrò náà padà ní oṣù karùn-ún. Ìwé ẹ̀rí kò lè fi ìyẹn hàn.

Kọ̀rọ̀ ní àlàáfíà. Ẹ lè kọ kóòdù tó burú, kò sí ẹni tí yóò rí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò béèrè irú ohun tí ẹni tó kọ Faransé sábẹ́ kóòdù mi bi mí náà. Mo mọ̀ pé ojú máa ń tì wá. Wọ́n kọ́ wa pé kí ọmọdé dákẹ́ níbi tí àgbà bá wà, a sì gbé e dé orí kóòdù. Síbẹ̀, àwa náà la ń sọ pé abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ kọ ọ́ sókè nínú README yín, ìwé àlàyé tó ń ṣáájú kóòdù, pé ẹ̀kọ́ lẹ ń kọ́. Ẹ ó rí i pé àwọn èèyàn máa ń fi sùúrù bá ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ lò.

Àǹfààní owó tún wà níbẹ̀. Lórí GitHub, àwọn ẹ̀rọ Actions tí ń dán kóòdù yín wò fúnra wọn jẹ́ ọ̀fẹ́ fún repo (àpótí tí kóòdù iṣẹ́ kan ń gbé) tó wà ní gbangba. Ti kọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú 2,000 ni wọ́n ń fún ẹni tí kò sanwó lóṣù, ẹyọ márùn-ún sì lè tètè jẹ ẹ́ tán.

Ewu gbangba mẹ́ta ni kí ẹ ṣọ́. Èkíní ni kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà tí ètò yín fi ń wọlé sí ètò ẹlòmíràn. Tí ẹ bá ń dán ìsanwó MTN MoMo wò, ibi ìdánwò tí wọ́n ṣe fún àwọn olùkọ-kóòdù ni kí ẹ lò, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú fáìlì `.env` tí `.gitignore` kò ní jẹ́ kó jáde. Tó bá ti jáde, pípa fáìlì náà rẹ́ kò tó, torí Git kì í gbàgbé. Ẹ lọ fagi lé kọ́kọ́rọ́ náà níbi tí wọ́n ti fún yín, ẹ gba tuntun.

Ìkejì wúwo jù lójú mi: orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn. Òfin dígítà Benin, Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, dáàbò bo dátà ẹni, àjọ APDP ló sì ń mójú tó o. Ṣùgbọ́n kó tó kan òfin, ẹ ro ó wò: obìnrin tó ń ta tòmátì kò mọ ohun tí GitHub jẹ́. Kò lè gbà fún yín pé kí ayé rí iye tó ń dá lójúmọ́. Orúkọ àdábọwọ́ ni kí ẹ máa fi dán ètò wò.

Ìkẹta ni ìwé àṣẹ. Repo tí kò ní ìwé àṣẹ kankan kò tíì fún ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó, bó tilẹ̀ wà ní gbangba. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n lò ó, ẹ fi ti MIT sí i, ìpínrọ̀ mélòó kan ni.

Wọ́n máa ń bi mí nípa èdè. Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ README, kí ẹni tó jìnnà lè ràn mí lọ́wọ́. Àmọ́ ìwé kékeré kan wà nínú repo mi, tí mo máa ń kọ ìpinnu sí ní Yorùbá: ohun tí mo yàn, ohun tí mo fi sílẹ̀, ìdí rẹ̀. Ìgbà tí mo bá kọ ọ́ ní èdè tí mo fi ń ronú ni mo máa ń mọ̀ bóyá mo ní ìdí lóòótọ́.

Ta ni kó mú èwo?

Tí ẹ kò bá tíì pé ọdún kan nídìí iṣẹ́, odidi ní gbangba ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí iná àti dátà kò dúró fún. Àká dátà SQLite kò nílò sáfà, fáìlì kan ni. Git máa ń rán kìkì ohun tó yí padà, ó sì máa ń kéré púpọ̀. Àmọ́ fífa Docker, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń di ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tirẹ̀ láti tàn án, àti àwọn ẹrù rẹ̀ wá lè jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì kí ẹ tó kọ ìlà kóòdù kan.

Tí ẹ bá ti ní odidi kan tí èèyàn gidi ń lò, tó sì yé yín, ìgbà yẹn ni kí ẹ gé ẹyọ kan jáde, èyí tó ń pẹ́ tàbí tó ń kùnà lọ́nà tirẹ̀. Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí: ẹ fọwọ́ ara yín pa á. Ẹ tẹ `docker stop` nígbà tí ètò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ wo ohun tí odidi máa ṣe. Ṣé yóò dúró dè é títí? Ṣé yóò tọ́jú iṣẹ́ náà di ìgbà tó bá jí? Ìdajì wákàtí bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ yín ju ẹyọ mẹ́wàá tí ẹ kò pa rí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ fẹ́ kọ nǹkan papọ̀, tí méjì wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí ọ̀kan wà níhìn-ín, ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ fún pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ méjì. Ọ̀rọ̀ Conway wá ń ṣiṣẹ́ fún yín nígbà yẹn. Ẹ kọ àdéhùn tó wà láàárín ẹyọ méjèèjì kí ẹ tó kọ kóòdù: ohun tí èyí yóò béèrè, ohun tí ìyẹn yóò dáhùn, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí kò bá dáhùn. Méjì péré. Ẹ má jẹ́ kó di márùn-ún.

Iṣẹ́ oníbàárà tó sanwó, ìdánwò ilé ẹ̀kọ́, ohunkóhun tó bá ní dátà èèyàn gidi nínú: kọ̀rọ̀, láìjiyàn.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi nìyẹn, ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí WhatsApp. Lánàá ó fi repo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó fẹ́ máa ṣírò àpò gaàrí tí ìyá rẹ̀ ń kó lọ sọ́jà. Fólíìdà kan ni, fáìlì mẹ́ta, SQLite kan. Lókè README, ó kọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ lòun ń kọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ti kọ síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló bi ara rẹ̀: "Tí iná bá lọ nígbà tí ètò ń kọ àpò gaàrí sílẹ̀ lọ́wọ́, ṣé ìdajì àpò ni màá bá níbẹ̀?" Mo ti dá a lóhùn pé kó fà á yọ lára iná fúnra rẹ̀, kó wò ó, kó sì kọ ohun tó bá rí sábẹ́ ìbéèrè náà.